Ihò Tí A Kò Gbọdọ̀ Dí

Ẹni tó bá mọ àbúrò mi obìnrin nígbà tó ṣì ń tajà ní Circle, ní Accra, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rántí. Àpò fóònù ló ń tà, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, lórí tábìlì kékeré kan nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ tírótíró ti ń kó èrò. Yóò fi Twi pe ọkùnrin tó ń kọjá lọ, yóò fi Ga bú ẹni tó bá ná ọjà rẹ̀ ní ìnákúnàá, lẹ́yìn náà ni yóò yíjú sí mi, yóò fi Yorùbá sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ wo orí rẹ̀ bí àgbọn tí wọn ò tíì bó." Àwọn tó mọ ìran wa a máa pè é ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀. Òun náà a ní, "Alata ni mí lóòótọ́. Ata náà sì wà lẹ́nu mi."

Lagos Town, àdúgbò kan ní Accra níbẹ̀, ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, nínú yàrá méjì tí bàbá wa gbà nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Bàbá kú nígbà tí a ṣì kéré. Ìyá wa ló fi abọ́ tánganran àti ike títà tọ́ wa. Èmi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sí iwájú ilé náà gan-an. Àbúrò mi ní òun kò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́ kí òun máa wo aṣọ aláṣọ, pé ibi tí èrò bá wà ni òun ń lọ. Bó ṣe di ará Circle nìyẹn.

Ara rẹ̀ kò le láti kékeré. Bí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fò ampe nínú ọgbà, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ síra wọn, òun a fò díẹ̀, a sì lọ jókòó sórí òkúta, a di adájọ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn ìdájọ́ rẹ̀ nítorí pé ó máa ń fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ máa ń dá a dúbúlẹ̀. Àwọn àgbà ní òtútù àyà ni, ìyá wa a fi òrí pa á láyà, a da aṣọ bò ó. Nígbà tó dàgbà, wọ́n ní ikọ́ fée ni, wọ́n fún un ní èyí tí wọ́n ń fẹ́ sí ọ̀fun. Kò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé e kiri nínú àpò rẹ̀ bíi kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé. Kò sí ẹni tó ronú kan ọkàn nínú wa. Arúgbó ni a mọ̀ mọ àìsàn ọkàn.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, ó di ẹrù rẹ̀ kó lè gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá títì. Àárín àtẹ̀gùn ló ti ṣubú. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ló da omi lé e lórí, ọkùnrin kan tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbé e sínú takisí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ètè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó dà bí ẹni tó fi ẹnu tọ́ aró wò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú láti fà á jáde, mo rí i pé èékánná rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, orí ìka rẹ̀ sì wú rogodo. Mo ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò mọ ọjọ́ tí ìka wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Àǹtí mi," ni ó wí, "ẹrù mi ńkọ́?"

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò ni a kọ́kọ́ lọ. Dókítà tó wà níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé e láyà, ó gbé e lé e lẹ́yìn, ó tún gbé e padà sí àyà, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn, kí a má ṣe jẹ́ kó pẹ́.

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá níbẹ̀, ọmọ Ghana, ẹni tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó da nǹkan tó ń yọ̀ sí àyà àbúrò mi, ó ń fi irin kan tó rí bíi ìdí ìgò kékeré rìn lórí rẹ̀, ọkàn náà sì ń hàn lójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí èmi àti ìyá wa wọlé wá jókòó. Twi ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá wa, nítorí Twi ọjà nìkan ni ìyá wa gbọ́, èyí tí wọ́n fi ń ná abọ́.

"Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀," ni dókítà wí. "Láàárín yàrá méjì ti òkè."

Ìyá wa wò mí, ó wo dókítà. "Ihò? Ta ló lu ú?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Dókítà mi orí. "Kò sí ẹni tó lu ú, Màámé. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ògiri tó yẹ kó pààlà sí àárín yàrá méjèèjì ni kò hù parí nígbà tó wà nínú yín."

Ìyá wa gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀, níbi tó jókòó sí.

Dókítà ní àwọn onímọ̀ kan ń bọ̀ láti òkè òkun, wọ́n máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti dí irú ihò bẹ́ẹ̀ láìla àyà ènìyàn. Owó kọ́ ni yóò dí wa lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ó ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú nǹkan kan jáde nínú ike funfun, ó gbé e lé àbúrò mi lọ́wọ́. Àwo pẹlẹbẹ kékeré méjì ni, wáyà tó tín-ín-rín bí òwú ni wọ́n fi hun ún, ọrùn kúkúrú kan ló so méjèèjì pọ̀. Ó ní wọ́n máa ká a sínú ọ̀pá róbọ́tó kan tó rọ̀, wọ́n á gba iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní itan wọlé, wọ́n á tì í lọ títí dé ọkàn. Bó bá dé ibi ihò náà, àwo kan á ṣí ní ọ̀hún, èkejì á ṣí níhìn-ín, wọ́n á sì há ògiri náà sáàárín. Ẹran ara á máa hù bò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ara ọkàn.

"Bíi bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ra," ni mo wí.

"Ó fẹ́ rí bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí.

Àbúrò mi ń tẹ nǹkan náà láàárín ìka méjì. Ó ń rọ̀, ó ń padà sí bó ṣe wà. Ó ní, "Ẹ wò ó, èmi tí mò ń ta ọjà kéékèèké, ọjà kékeré ni wọ́n tún fẹ́ fi lẹ̀ mí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín náà tó tán, dókítà ní ohun kan wà tó ń da òun láàmú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ń ti àwọn iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní agbára jù, pé àfi kí wọ́n wọ inú ọkàn náà kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó lè mọ̀ bóyá ó ṣeé dí. A gbọ́. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá wa pẹ̀lú ẹnu mi. Ṣùgbọ́n nǹkan tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi ni gbogbo wa ń wò.

Ó ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà. Ashaiman ni ọkùnrin náà ń gbé, ó ń lẹ táyà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana bíi tiwa. Àwọn ẹbí ti kí ara wọn. Dókítà ti kìlọ̀ fún àbúrò mi pé kò gbọdọ̀ lóyún láìtíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Nígbà tó sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Kí wọ́n dí i ná. Bí wọ́n bá dí i tán, a ó ṣe ìgbéyàwó." Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa di bí wọ́n bá dí i tán. Bí wọ́n bá dí i tán, yóò kúrò lórí tábìlì, yóò gba ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá dí i tán, yóò gba ààwẹ̀ rẹ̀ pé. Ìyá wa tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí yóò pọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè wá fún iṣẹ́ náà, ìyá wa ti dín máṣà kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ dáadáa, ó ní kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ iléèwé kéú ní sàráà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà kún fún àwọn ẹni tó wá dí ihò tiwọn, tàgbà tèwe. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọ jàlàbíà funfun wá bí ẹni ń lọ sí Yídì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa ti àbúrò mi wọlé, ó gbé orí sókè lórí ibùsùn náà, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ má gbàgbé sísọ́ọ̀sì sínú mi o." Wọ́n sì tì í wọlé.

A dúró. Ìyá wa ń fa tẹ̀sùbáà. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan jáde láti yàrá náà, ó rí bí a ṣe dìde lọ́wọ̀ọ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa bí ènìyàn ṣe ń kí ènìyàn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pariwo, "Alihamudulilai!" Ìyá wa tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí táìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó forí kanlẹ̀, kò sì tètè dìde. Àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń bá wa yọ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ìyá wa tó forí kanlẹ̀, mo máa ń fẹ́ kí n lè padà lọ gbé e dìde kí ayọ̀ náà tó jìnnà.

Dókítà jáde tòun ti fìlà iṣẹ́ lórí. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò rí dókítà kankan kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rí. Inú mi bà jẹ́ kó tó la ẹnu.

Ó ní wọ́n dé ibi ihò náà. Wọ́n wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó ti pọ̀ tó èyí tó fi ń lọ sí gbogbo ara yòókù. Wọ́n wá fi fèrè kékeré kan, bíi bàlúùnù ọmọdé tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀ láti wo bí ọkàn yóò ṣe ṣe sí i. Ojú àbúrò mi ṣú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já lulẹ̀. Wọ́n yára tú atẹ́gùn inú fèrè náà sílẹ̀, wọ́n fà á jáde, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò.

"Láti ìgbà tí ẹ ti bí i," ni dókítà wí, "ni ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù ti ń gba ihò yẹn ya lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn iṣan ibẹ̀ ti yigbì, wọ́n ti há. Ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà wọbẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ihò náà ló ń gbà sá padà. Ihò yẹn ni ọkàn rẹ̀ fi ń mí. Bí a bá dí i, kò ní kúrò lórí ibùsùn náà."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo fi sọ ọ́.

"Wọn ò wá dí i?" ni ìyá wa bi mí.

"Wọn ò dí i, Ìyá. Wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ dí i."

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bèèrè bóyá ẹ̀rọ mìíràn wà ní ìlú òyìnbó. Dókítà ní ohun tó kù ni kí wọ́n pààrọ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀, pé wọn kì í ṣe é níbí, pé níbi tí wọ́n ti ń ṣe é pàápàá, ọ̀pọ̀ ló ń kú sẹ́nu ìdúró. Ó ní oògùn wà tí yóò dẹ̀ ẹ́ lára. Kò ṣèlérí kankan. Mo wò ó pé ojú ń tì í, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Ìyá wa kò jẹ́ kí n túmọ̀ ìbéèrè tó kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi Twi ọjà bi dókítà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí a bá ti gbé e wá tipẹ́tipẹ́ ńkọ́?

Dókítà kọ́kọ́ wo èmi. Lẹ́yìn náà ó kojú sí ìyá wa. "Bó bá jẹ́ ìgbà tó wà ní kékeré ni, Màámé, à bá ti dí i."

Ìyá wa mi orí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún. Ó ká ìborùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi bo orí.

Yàrá àwọn obìnrin ni wọ́n gbé àbúrò mi sí. Obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì, wọ́n ti dí tirẹ̀. Ó ti dìde jókòó, ó ń jẹ kẹ́ńkè pẹ̀lú ẹja, ó ń yin Olúwa lóhùn rara. Nígbà tí ó wá mọ bí ọ̀rọ̀ tiwa ṣe rí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń yìn Ín wúyẹ́wúyẹ́. Ì bá sàn kó máa pariwo.

Mo fẹ́ ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, mo gbọ́ wọn. Oògùn oorun wọn kò mú mi tán. Mo gbọ́ tí òyìnbó náà ń sọ pé kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tètè yọ ọ́. Mo rò pé èmi ni wọ́n fẹ́ yọ."

"Yọ ọ́ kúrò níbo?"

"Mi ò mọ̀. Kúrò láyé." Ó wo òrùlé. "Ìyá wa ti pín máṣà yẹn?"

"Ó ti pín in."

"Áà," ni ó wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Kò pẹ́ tí a délé tó fi ránṣẹ́ pe ọkùnrin Ashaiman náà. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n jókòó sí, mo fẹ́ jáde, àbúrò mi ní kí n dúró. Ó sọ fún un pé òun kò ní lè bímọ, pé oyún yóò pa òun, àti pé oyún kọ́ nìkan. "Lọ fẹ́ ẹlòmíràn," ni ó wí. "Mo fi ọ́ sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́." Ọkùnrin náà sunkún, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́, òun kò lọ sí ibi kankan. Ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó ń ra ọsàn wá. Nígbà tó yá, ó ń wá ní Jímọ̀ kan, ó ń pa èkejì jẹ. Lẹ́yìn náà ó di orí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni a gbọ́ pé wọ́n ti so yìgì fún un pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ní Ashaiman níbẹ̀.

Àbúrò mi ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan fún mi lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Kò gbé orí sókè. "Èmi ni mo ní kó lọ," ni ó wí. Ó gé òwú. "Ṣùgbọ́n mo rò pé yóò ṣe agídí díẹ̀ sí i kó tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Oògùn tí dókítà kọ fún un, òun náà ni oògùn tí àwọn ọkùnrin ń rà kí ara wọn lè le lọ́dọ̀ obìnrin. Dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pé ó máa ń dẹ iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún àwọn ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ rà á, ọ̀kan nínú wọn wo ìborùn mi, ó wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín mọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ó ní, "Sista, ẹ ní kí bàbá rọra o." Orí mi gbóná. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn rẹ̀, àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di àyà mú, títí ètè rẹ̀ fi tún di aró, ìyá wa sì ń bá mi jà pé kí ló dé tí mo fi pa á lẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Ẹ̀rín pàápàá di ohun tí a ń ṣọ́ fún un.

Kò lè lọ sí Circle mọ́. A ta ọjà tó kù lórí tábìlì náà fún ọkùnrin tó ń ta fóònù. Ó wá ń jókòó lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ní òun kò lè jókòó sí láéláé, ó ń tú ìdí aṣọ, ó ń rán bọ́tìnnì. Ohun tó dùn mí jù ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrú lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó máa ń fi èdè mẹ́ta bú ènìyàn kan ṣoṣo, ó wá ń mí sáàárín gbólóhùn. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò tán o, mo ń rí i lójú rẹ̀ bó bá rí oníbàárà tó ń ṣe fààrí. Ó máa ń ya ẹnu, yóò wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó, yóò sì pa ẹnu dé. Nígbà mìíràn yóò sọ ọ̀rọ̀ kan péré, "Àgbọn," èmi nìkan ni yóò sì yé.

Ẹnu ìgbà yẹn ni dumsor bá wa, ìyẹn bí àwọn ará Accra ṣe ń pe iná tó ń wá tó ń lọ. Dókítà ti bá wa wá ẹ̀rọ ọ́síjìn kan tí wọ́n ń yá aláìsàn, tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Bí iná bá wà, yóò máa kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, àbúrò mi á sì rí ojú oorun. Bí iná bá lọ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni yóò jí i. A yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ wọlé bá a, ikọ́ tún dé, a pa á. Ọ̀sán kan wà tí oòrùn mú bí iná, tí iná ti lọ láti àárọ̀. Ìyá wa jókòó lẹ́bàá orí rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, òógùn ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀, kò dúró. Àfi bí ẹni pé bí òun bá fẹ́ ẹ le tó, atẹ́gùn yóò wọ inú ọmọ òun.

"Ìyá," ni àbúrò mi wí, "ẹ sinmi." Ó mí. "Atẹ́gùn ò wọ́n." Ó tún mí. "Ibi tó máa gbà ni kò sí."

Ìyá wa kò sinmi.

A gbàdúrà. Àwọn àáfà wá, wọ́n ka Kùránì sómi. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì mú pásítọ̀ rẹ̀ wá, ìyá wa sì jẹ́ kó wọlé, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ nígbà ayé bàbá wa. Pásítọ̀ náà ní Ọlọ́run yóò dí ihò náà. Àbúrò mi la ojú sí mi. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo bá a sọ fún pásítọ̀ pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó má gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó kú, iná wà. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ó ti lo oògùn àárọ̀ rẹ̀, ìyá wa ti nù ún lára, ó ti wọ aṣọ mìíràn. Ó ní òun fẹ́ jẹ kóókò pẹ̀lú kóósé, ìyẹn ògì àti àkàrà, inú mi sì dùn nítorí pé ó ti ṣe díẹ̀ tó ti dárúkọ oúnjẹ fúnra rẹ̀. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin Hausa tó ń dín kóósé ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Mo ń dúró kí èyí tó wà nínú epo jinná, ni mo gbọ́ tí ìyá wa pe orúkọ mi. Kò pè é bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn.

Ikọ́ ni ìyá wa ní ó wú. Ẹ̀jẹ̀ ló wá. Nígbà tí mo fi wọlé, ìyá wa gbé orí rẹ̀ lé itan, aṣọ àwọn méjèèjì ti pọ́n. Mo sáré jáde láti dá takisí dúró, takisí náà sì dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti awakọ̀ náà padà wọlé láti gbé e, ìyá wa ti pa ojú rẹ̀ dé. Awakọ̀ náà bọ́ fìlà. Ọ́síjìn náà ṣì ń fẹ́ ní imú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pa ẹ̀rọ náà nínú wa títí àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ fi dé.

Wọ́n sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ọkùnrin Ashaiman náà wá. Ó dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin yòókù, ó bá wọn kírun, kò sì wá bá wa sọ̀rọ̀. Mi ò bínú sí i.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo dá ẹ̀rọ náà padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo ròyìn. Mo fẹ́ mọ bóyá ohun kan wà tí a kò ṣe, bóyá bí a bá ti wà nítòsí ilé ìwòsàn, bóyá ká ní mi ò jáde. Ó ní rárá, pé ká ní inú ilé ìwòsàn gan-an ló wà, bákan náà ni. Ó rò pé òun ń tù mí nínú. Bóyá òun ń tù mí nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọ tírótíró padà sílé, ó ń ṣe mí bíi pé ká ní mo ti ṣẹ̀ ni ì bá dára jù, kí ohun kan lè wà tí mo lè di ìdí rẹ̀ mú.

Èmi bí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn náà. Kò tíì gbọ́n tí mo fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wò ó dáadáa, ó ní ògiri náà hù pé, kò sí ihò. Mo padà wálé sọ fún ìyá wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, nígbà tí mo bá wẹ ọmọ náà tán, ìyá wa a gbà á lọ́wọ́ mi, a tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a fi etí lé e láyà. Kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan. Gbogbo ọmọ tí àwọn aládùúgbò bá gbé wọ ọgbà wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ìyá wọn ti mọ̀, wọn kì í bi í ní ohunkóhun mọ́, wọ́n á kàn dúró kó parí.

Lọ́jọ́ kan ó pẹ́ lórí àyà ọmọ mi jù. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi í pé kí ló gbọ́.

"Ó ń dún," ni ó wí.

"Ṣé ó ń dún dáadáa, Ìyá?"

Kò gbé etí rẹ̀ kúrò. "Mi ò mọ̀," ni ìyá wa wí. "Èmi ò mọ bó ṣe yẹ kó máa dún."